Onílé ń wọ yàrá mi nígbà tí mi ò sí nílé: ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́, kí sì ni kí n ṣe?

Ọmọge Ìyànà-Ìpájà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Self-contain ni mò ń gbé, lẹ́yìn Ìyànà-Ìpájà níbí. Ọdọọdún ni mò ń san owó ilé, mi ò sì jẹ onílé ní kọ́bọ̀. Bàbá onílé fúnra wọn ń gbé nísàlẹ̀, inú ọgbà kan náà la wà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Mo lè fa aṣọ fèrèsé bò kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n dé lálẹ́ kí n bá a ní ṣíṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé, sálúbàtà ilé ìwẹ̀ mi tutù rinrin, ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí mo máa ń fi í sí, ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe olè, torí kò sí ohun tó sọnù.

Mo lọ kúnlẹ̀ kí bàbá, mo sì béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tiẹ̀ sẹ́. Wọ́n ní omi ń jò sí àjà àwọn, àwọn fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò bá ti pè mí." Ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ilé ta ni? Ṣé èmi ni màá máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ kí n tó wọ ilé tí mo fi owó mi kọ́?" Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ wọn látìgbà tí mo ti dé ilé yìí.

Èmi nìkan ni mò ń gbé. Oorun ò kun ojú mi mọ́. Mi ò fẹ́ bá àgbàlagbà fa ọ̀rọ̀, mi ò sì lówó ilé tuntun báyìí. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí wọ́n ń ṣe yìí?

Kò-sí-Wàhálà Mushin

Pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn lónìí. Ká wá wo ibi tí wọ́n máa gbà wọlé.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọ pé o ń ṣe àṣejù. Obìnrin tó ń dá gbé, tó wá mọ̀ pé ẹlòmíì lè ṣílẹ̀kùn mọ́ òun nígbàkígbà, ara rẹ̀ ò lè balẹ̀.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, mú ìwé kan, kọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, àsìkò, ohun tí o bá, ohun tí bàbá sọ. Kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Tó bá pẹ́, èèyàn máa ń gbàgbé. Sọ fún ará ilé kan tí o fọkàn tán pẹ̀lú, kó má jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀. Fún ti oorun, ra bóòtù tí wọ́n máa ń ti láti inú, kí káfíńtà bá ọ kàn án. Kò wọ́n. Ìyẹn á jẹ́ kí o lè sùn lóru òní ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ òfin.

Lọ́yà Àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Lọ́yà ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé sì pọ̀ nínú èyí tó ń gba ọwọ́ mi kọjá.

Àbúrò mi, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé bẹ́ẹ̀. Bàbá ló ni ilé, kò sẹ́ni tó ń bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ, ìwọ lo ni inú yàrá yẹn títí àsìkò tí o san owó rẹ̀ á fi pé.

Òfin tí mò ń tọ́ka sí ni òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Tenancy Law ọdún 2011, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lù. Apá 6 rẹ̀ sọ pé ara àlàáfíà tí ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí nínú ilé ni pé kí àṣírí rẹ̀ wà ní bíbò, kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí, kí ilé náà wà ní ìkáwọ́ òun nìkan, kó sì lè lo ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò. Níbi tó ti sọ pé ìkáwọ́ ayálégbé nìkan ni ilé wà, ó yọ àyè kékeré kan fún onílé láti wá yẹ ilé wò. Apá 7 ló wá pààlà àyè yẹn: ayálégbé gbọ́dọ̀ gbà kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ wọlé wo bí ilé ṣe wà, kó sì tún ibi tó yẹ ṣe, lọ́sàn-án, ní àsìkò tó bójú mu, lẹ́yìn tó bá ti fi ìwé sọ ọ́ ṣáájú.

Ìwé ni òfin wí. Kéèyàn nahùn sókè láti ìsàlẹ̀ pé "mò ń bọ̀ o" kì í ṣe ìwé. Kéèyàn kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan kó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kì í ṣe ìwé.

Apá 8 kọjú sí onílé fúnra rẹ̀: kò gbọdọ̀ da àlàáfíà ayálégbé rú, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ti ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò pa mọ́ ọn. Mo mẹ́nu ba èyí torí àwọn onílé kan wà tí wọ́n máa ń ti omi pa bí ayálégbé bá ti sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá dán ìyẹn wò, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Tí wíwọlé yẹn bá wá di ọ̀nà àtilé ọ jáde, tí wọ́n ń halẹ̀, tí wọ́n ń fi ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ ọ kí o lè kó lọ, Apá 44 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn tí kò ju ₦250,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6.

Lókè gbogbo èyí ni Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 wà, Apá 37, tó dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Kò sọ pé ilé tó kọ́ nìkan. Ibi tó ń gbé ni ilé rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé òfin kì í ṣiṣẹ́ lórí alágbára. Ní 1985, ìjọba ológun Èkó fi agbára lé Odumegwu Ojukwu jáde kúrò ní Villaska Lodge, ní Queen's Drive, Ìkòyí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà níwájú kóòtù. Lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò gbè wọ́n. Ó bá ìjọba wí gidigidi pé nígbà tí ẹjọ́ bá ti wà ní kóòtù, wọn ò lè tún fi ọwọ́ ara wọn dá a. Àwọn tí mo ń sọ nípa wọn yìí, ìjọba tó nìbọn ni. Títí dòní, ẹjọ́ yẹn la máa ń nà sí onílé tó bá fẹ́ fipá ṣe tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù: òfin 2011 yìí yọ Apapa, Ìkejà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé láwọn ibẹ̀ yẹn, ìwé àdéhùn rẹ̀ àti Òfin Orílẹ̀-èdè ló máa kọ́kọ́ wò. Ìyànà-Ìpájà ò sí nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ẹ kú làákàyè, Lọ́yà. Lọ́dọ̀ wa ní London níbí, òfin 1985 sọ pé kí onílé tó wá yẹ ilé wò, ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìwé, ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú, kó sì jẹ́ àsìkò tó bójú mu. Tí onílé bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, káńsù la máa ń fi sùn, torí òfin 1977 kan wà tó sọ ìyọlẹ́nu bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Àbúrò, tẹ wákàtí 24 yẹn mọ́ bàbá létí.

Lọ́yà Àdúgbò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ nípa tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Ọ̀pọ̀ ayálégbé l'Ékòó ló ti ka wákàtí 24 yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé e lọ bá onílé, tí lọ́yà onílé sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí òfin Èkó ò dárúkọ wákàtí kankan. Ìwé, ọ̀sán, àsìkò tó bójú mu: ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ibi tí iye wákàtí tàbí ọjọ́ ti lè wà ni inú ìwé àdéhùn yín. Apá 7 àti 8 fúnra wọn gbà pé ìwé àdéhùn lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Torí náà, kí èèyàn tó fọwọ́ sí i, kó wá ibi tí wọ́n ti kọ̀wé nípa wíwọlé onílé, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Ọjọ́ méjì dára.

Ẹ̀gbọ́n Agége

Tèmi ni pé kó má san owó ilé mọ́ títí bàbá á fi tọrọ àforíjì. Owó nìkan lèdè tó yé wọn.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹjọ́ tó jàre ni ẹ fẹ́ kó sọ di èyí tó jẹ̀bi. Òun ni wọ́n ṣẹ̀. Ọjọ́ tó bá di owó ilé mú ni bàbá á di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tí gbogbo àdúgbò á sì máa sọ pé gbèsè ló fẹ́ jẹ.

Lọ́yà Àdúgbò

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ. Owó ilé sísan ló ṣáájú nínú ojúṣe ayálégbé nínú òfin kan náà. Bó bá tiẹ̀ jẹ gbèsè, ìyẹn ò fún onílé lágbára láti wọlé tàbí kó ẹrù rẹ̀ síta. Nótíìsì ni kó fún un: oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ gba ilé òun ní kóòtù, lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù. Kódà ẹni tó ń san lóṣooṣù tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, tí òfin sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti tán, kóòtù ló máa pàṣẹ kó kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ló sì máa mú àṣẹ náà ṣẹ. Kì í ṣe onílé pẹ̀lú àwọn ọmọ ìta.

Ìyá Onílé Ọ̀jọ́kòrò

Èmi onílé ni o, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu tiwa náà sọ̀rọ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi la fi kọ́ ilé wa. Mo ti ní ayálégbé tó ń se búrẹ́dì tà nínú yàrá tí waya iná ibẹ̀ ò gbà á. Mo ti ní èyí tí sìnkì rẹ̀ ń jò tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ògiri fi hu ewú. Ẹ̀rù máa ń ba onílé. Kì í ṣe gbogbo onílé tó bá fẹ́ wo inú ilé ló ní èrò ibi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá yẹn ń ṣe ò dáa, mo sì ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí onílé ẹgbẹ́ wọn. Tí omi bá ń jò sí àjà rẹ, ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o pe ọmọ náà, kó dúró tì ọ́, kí ẹ jọ wò ó. Tí plọ́ńbà bá sọ pé láti òkè ló ti wá, òun náà á gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Tí mo bá fẹ́ wo ilé, mo máa ń kọ ọ́ sórí WhatsApp: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ohun báyìí ni mo fẹ́ wò. Tí ọjọ́ náà ò bá rọrùn fún un, ó máa dárúkọ òmíràn. Mi ò kì í wọ yàrá ibùsùn àfi tí àléébù bá wà níbẹ̀. Tí a bá parí, mo máa ń kọ ohun tí a rí sínú ìwé, àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ti gba èmi gan-an sílẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé tó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá ilẹ̀kùn tó fọ́.

Ní ti kọ́kọ́rọ́ kejì, inú àpòòwé ni mo máa ń fi í sí lójú ayálégbé. A lẹ̀ ẹ́ pa, á fọwọ́ sí orí ibi tí a lẹ̀ pọ̀, á kọ déètì síbẹ̀. Nígbàkígbà tó bá béèrè, màá gbé e jáde kó rí i pé ẹnikẹ́ni ò ya á. Àbúrò, bá bàbá sọ èyí. Ó máa dín ìfura kù, kò sì ní dà bíi pé o gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbà.

Ọmọge Ìyànà-Ìpájà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́, a ò kọ ìwé àdéhùn kankan, risíìtì nìkan ni mo ní. Ṣé ìyẹn ò ní bà mí lẹ́jọ́ jẹ́? Èkejì, ṣé mo lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ bí Mushin ṣe sọ? Ẹ̀kẹta, tí mo bá kọ lẹ́tà sí bàbá, ṣé wọn ò ní fún mi ní kúìtì nótíìsì?

Lọ́yà Àdúgbò

Risíìtì tó. Apá 3 gbà pé àdéhùn ilé lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ó lè jẹ́ ìwé, kódà ó lè hàn láti inú ìṣe ẹ̀yin méjèèjì. Òfin sì fi dandan lé e pé kí onílé máa fún ayálégbé ní risíìtì owó ilé. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, kó tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó sì kọ "owó ilé" pẹ̀lú ọdún tó ń san fún síbi àlàyé.

Pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́: òfin ní kí ayálégbé má yí ilé padà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Lójú tèmi, pípààrọ̀ inú àgádágodo tí ìlẹ̀kùn ò fi ní bàjẹ́ kì í ṣe yíyí ilé padà, torí o lè dá ti àtijọ́ padà lọ́jọ́ tí o bá ń lọ. Ṣùgbọ́n ka ìwé àdéhùn tí o bá ní in, torí àwọn mìíràn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tìẹ, màá ní kí o kọ́kọ́ kọ lẹ́tà. Tí wọ́n bá tún wọlé lẹ́yìn lẹ́tà, pààrọ̀ rẹ̀, tọ́jú ti àtijọ́ sínú ọ̀rá, kí o sì kọ̀wé sọ fún wọn pé o ti pààrọ̀ rẹ̀, kí o sọ ìdí. Má ṣe é ní bòókẹ́lẹ́.

Pàjáwìrì yàtọ̀. Tí iná bá ń jó tàbí omi bá ya lu yàrá tí o ò sì sí nílé, kò sí adájọ́ tó máa bá onílé wí pé ó ṣílẹ̀kùn. Àjà tó ń kán díẹ̀díẹ̀ láti oṣù tó kọjá kì í ṣe pàjáwìrì.

Fún ìbéèrè kẹta, òótọ́ ni pé wọ́n lè bínú fún ọ ní nótíìsì. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni, wọn ò sì lè fi ìyẹn lé ọ jáde kí owó tí o san tó tán. Lẹ́tà tí o kọ ṣáájú ìjà máa ń wúlò púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ẹnikẹ́ni, torí ó máa fi hàn pé ìwọ lo kọ́kọ́ wá àlàáfíà.

Tíṣà Tó Fẹ̀yìn Tì

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò kọ irú lẹ́tà yìí. Yorùbá ni kí o fi kọ ọ́, ọmọ mi. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ ọmọdé máa ń dà bí ìpèníjà lójú àgbà, wọ́n á ní o ti lọ gbé lọ́yà dìde. Mo kọ ọ́ báyìí, kí o fi tìẹ sí i:

"Bàbá wa, ẹ kú ojúmọ́ o, sà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ báyìí, ẹ sọ fún mi pé ẹ wọ yàrá mi nígbà tí mi ò sí nílé, láti wo ibi tí omi ti ń jò. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ tún ilé yín ṣe, mi ò sì ní dí yín lọ́wọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sọ ọjọ́, aago àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí n lè wà nílé láti gbà yín. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀. Láti àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, mo wà nílé kí plọ́ńbà lè wá wo omi náà. Mo tún bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi kọ́kọ́rọ́ kejì sínú àpòòwé tí àwa méjèèjì á fọwọ́ sí. Èmi ni, ayálégbé yín."

Ẹ̀dà méjì ni kí o kọ. Fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí èkejì pé àwọn ti gbà á. Tí wọ́n bá kọ̀, má bá wọn jà: ya fọ́tò rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí o sì fi ti ọwọ́ rẹ lé wọn lọ́wọ́ lójú ará ilé kan.

Lọ́yà Àdúgbò

Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo fi kún un: má pa ìjíròrò WhatsApp rẹ́ kúrò lórí fóònù yẹn, má sì ta fóònù náà. Fọ́tò ojú fóònù nìkan kì í sábà tó ní kóòtù. Apá 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 béèrè fún ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé ohun èlò tí o fi gbà á àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́yà rẹ ló máa ṣe é, ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ìbàdàn lèmi wà. Họ́sítẹ́ẹ̀lì aládàáni ni, kiatékà máa ń wọ yàrá wa lọ tú ẹrù, ó ní òun ń wá hítà. Ṣé òfin Èkó yìí kàn mí?

Lọ́yà Àdúgbò

Rárá, Èkó nìkan ló wà fún. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin tirẹ̀ lórí ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n Apá 37 Òfin Orílẹ̀-èdè kàn ọ́ níbikíbi ní Nàìjíríà, ìlànà 2009 lórí gbígbèjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sì sọ pé ẹjọ́ irú rẹ̀ kì í pẹ́ jù láti pè. Ẹ kóra yín jọ, kí gbogbo yàrá fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo sí ẹni tó ni họ́sítẹ́ẹ̀lì náà gan-an. Kiatékà kì í sábà sọ fún un. Tí ẹ bá sì fọwọ́ sí i nígbà tí ẹ wọlé pé ẹ ò ní lo hítà, ẹ má lò ó.

Àǹtí Aláṣọ Ìpájà

Onílé tèmi mú ọlọ́pàá wá nígbà tí mo kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n wá sí tééṣàn. Ọkàn mi já.

Lọ́yà Àdúgbò

Àǹtí, òfin ọlọ́pàá ti 2020, Apá 32, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ta ló ni ilé, ta ló gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ta, kò kan tééṣàn. Tí wọ́n bá tún wá, ẹ rọra béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín, ẹ kọ orúkọ tó wà lára aṣọ wọn, ẹ má dá lọ. Ẹ pe ará ilé kan kó bá yín lọ.

Ṣùgbọ́n tí ẹni tó wọlé bá já ilẹ̀kùn, tàbí ó mú nǹkan, tàbí ó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ti dé nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí gbogbo wa ń yí po. Tó bá jẹ́ pé onílé tàbí kiatékà ń wọlé nígbà tí obìnrin ń wẹ̀, tàbí ó ń yọjú wò ó níbi tó sùn sí, tàbí ó ń tú aṣọ inú rẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó kọ lẹ́tà kó sì dúró. Ọlọ́pàá ni, àti àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA. Kó má sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó bá ní ibòmíì tó lè sùn. Àbúrò mi Ìyànà-Ìpájà, tó bá jẹ́ pé ó ju ọ̀rọ̀ omi lọ tí ojú ń tì ọ́ láti sọ níbí, kọ sí èmi nìkan.

Ọmọge Ìyànà-Ìpájà

Rárá, má, kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ ṣeun fún ìtọ́jú yín. Àlàáfíà ni mo fẹ́. Ta ló lè bá wa dá sí i láìjẹ́ kóòtù?

Alájàpá Kétu

Citizens Mediation Centre. Ti ìjọba Èkó ni, abẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni èmi àti onílé mi ti parí tiwa.

Ìwọ á lọ ṣàlàyé ara rẹ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá fi ìwé pe bàbá. Kì í ṣe ìwé kóòtù, ẹ má jẹ́ kí àyà bàbá já, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kí àgbà bá yín dá sí i ni. Yàrá kan ni wọ́n máa fi yín sí pẹ̀lú olùlàjà, kálukú á sọ tẹnu rẹ̀ tán láìsí ìdílọ́wọ́. Onílé mi tó ń pariwo nílé, nígbà tí olùlàjà bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, tó bá jẹ́ ọmọ yín obìnrin ló ń gbé ilé onílé ńkọ́?", ohùn wọn lọ sílẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí, wọ́n kọ ọ́, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, a sì gba ẹ̀dà lọ́wọ́.

Tí bàbá bá kọ̀ tí wọn ò wá, kì í ṣe òpin. Office of the Public Defender wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, ọ̀fẹ́ ni tiwọn náà.

Ohun tí o máa mú dání: risíìtì owó ilé gbogbo tí o ní, ẹ̀dà lẹ́tà tí Tíṣà bá ọ kọ, ìwé tí o ń kọ déètì sí, fóònù tí WhatsApp wà lórí rẹ̀. Kọ àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà bàbá sílẹ̀ kó pé, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí. Àárọ̀ ni kí o lọ, kí èrò tó pọ̀.